Ọjọ́ Tí Mo Yan Fíìmù Bí Ẹja

Òórùn fíìmù tó ń jóná kò jọ òórùn ohunkóhun tí mo tíì gbọ́ láyé. Kì í ṣe òórùn igi, kì í ṣe òórùn aṣọ, kì í ṣe òórùn irun ewúrẹ́ tí wọ́n ń wì lórí iná. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá da ọtí líle sórí ìwo màlúù, tó wá ṣáná sí i. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi ni mo jó o. Ní gbogbo etí òkun Ìlàjẹ, n kò tíì rí ẹlòmíì tó gbé sinimá sórí àjà ẹja. Bí ẹlòmíì bá wà, kò tíì jẹ́wọ́.

Nígbà náà, òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí, ogun wọn kejì kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Géńdé ni mí, mo lágbára, mo sì ka ìwé díẹ̀. Mo kàwé dé sítáńdáàdì kẹta, mo dúró síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí n lè mọ̀ ọ́n dáadáa, lẹ́yìn náà ni tíṣà fi sùúrù sọ fún bàbá mi pé ẹja pọ̀ lódò. Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ tó láti fi kí èèyàn, kò tó láti fi dá a lóhùn bó bá dáhùn. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́, ta ni yóò mú mi? Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ ọkọ̀ sinimá nìyẹn, agbẹ́rù àti ògbufọ̀ pọ̀.

Ọ̀gá mi, tí gbogbo ayé ń pè ní Ọ̀gá Sinimá, jẹ́ akọ̀wé láti Èkó. Ìjọba ló rán an wá sílẹ̀ omi kó wá fi àwòrán ẹ̀fọn àti ṣáláńgá han àwa ará odò, ká lè kọ́ ìmọ́tótó. Ilẹ̀ tí a ó gbẹ́ ṣáláńgá sí gan-an ni kò sí. Orí òpó la kọ́lé sí, omi ló wà lábẹ́ wa, ohun tí kálukú bá sì ṣe, omi á gbé e lọ kí aládùúgbò. Ọ̀gá rí i pé bí òun bá ti gbé ẹ̀fọn jáde, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ló bá wá fíìmù kan kún un, fíìmù ijó àti ìfẹ́, tó wà nínú agolo pẹlẹbẹ márùn-ún. Ẹ̀fọn ni yóò kọ́kọ́ fi hàn, á wá ní ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ wo ẹ̀fọn tán ni yóò rí ijó. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìlú tí a dé tí wọn kò fẹ́ràn ẹ̀fọn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń fún sinimá níná. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀, nítorí náà ẹ̀yìn aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀ ni Ọ̀gá máa ń gbé èmi àti ẹ̀rọ sí. Ìgbà méje ni mo fi wo fíìmù náà láti ẹ̀yìn aṣọ, òógùn lójú, èjìká ń ro mí, ohun tó wà lápá ọ̀tún àwọn èèyàn, apá òsì mi ló wà. Síbẹ̀, nínú ọkàn mi, mo ti di ẹni tó mọ sinimá. Bí mo ṣe ń rìn pàápàá ti yí padà. Ìyá mi bi mí nígbà kan bóyá ẹ̀gún ló wọ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ìtàn inú fíìmù náà kò gùn. Ọkùnrin kan wà nílùú òyìnbó tó ń ran bàtà. Ọmọ olówó kan wá ní kó bá òun rán bàtà ijó, èyí tí òun yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun àti ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ yàn fún un. Nígbà tí bàtà parí, aránbàtà ní kó dìde, kó fi jó díẹ̀, káwọn lè mọ̀ bóyá ó ń fún un lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Wọ́n jó láàárín àwọn bàtà, wọ́n jó jáde sí títì, wọ́n jó kọjá lórí afárá. Nígbẹ̀yìn, lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an, ọmọbìnrin náà bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán sáré lọ bá aránbàtà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo rí àgbà apẹja tó sunkún nítorí rẹ̀, ẹni tí kò sunkún nígbà tí òkun gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ní ìlú tiwa, obìnrin kan wà tí a ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja, nítorí pé ilé ẹja rẹ̀ ló tóbi jù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo fẹ́. Mo sọ fún ìyá mi, ìyá mi sọ fún àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n Ìyá Ẹlẹ́ja, ọ̀rọ̀ náà sì ń lọ báyẹn, díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ̀ tó ń lòdì sí omi. Gbogbo èèyàn tó yẹ kó gbọ́ ló ti ń gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí n kò sọ fún ni ọmọbìnrin náà. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ta ní ń bá ewúrẹ́ dúnàádúrà nígbà tí olówó rẹ̀ wà ní ìdúró? Bí a ṣe ń rò nìyẹn, kí Ọlọ́run forí jì wá.

Kí ọ̀rọ̀ mi tó dé ibi tó ń lọ, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ti dé. Ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ onígbòkun ńlá, tó máa ń fi atẹ́gùn lọ sí Èkó tó sì ń bọ̀, ti gbé ọtí wá. Ìyá Ẹlẹ́ja gbà á, wọ́n sì ní bí òjò bá ti dáwọ́, ìyàwó yóò relé ọkọ. Onígbòkun la ń pe ọkùnrin náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Èèyàn burúkú ìbá rọrùn láti kórìíra. Ìrètí kan ṣoṣo tó kù fún mi ni sinimá. Mo rò pé bí ọmọbìnrin náà bá rí ijó yẹn, tó sì rí i pé èmi ni mo mú un wá, yóò yí orí padà fúnra rẹ̀, bí ẹja ṣe ń yí nínú àwọ̀n.

Ni Ọ̀gá bá ní ìlú wa ló kàn.

Bí a ṣe ń wọ ẹnu odò wa, mo rí ọmọbìnrin náà lórí afárá pákó tó ń fọ agbọ̀n edé. Mo dìde dúró nínú ọkọ̀ láti juwọ́ sí i. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, inú ọkọ̀ ni wọ́n bí mi sí, mo sì mọ̀ pé èèyàn kì í dìde dúró ṣánṣán nínú ọkọ̀ tó kún fún ẹrù. Mo dìde. Ọkọ̀ dojú dé. Ọ̀gá, tí kò mọ odò wẹ̀, mu omi tó tó kó fi wẹ ọmọ tuntun. A fa òun àti ẹ̀rọ jáde, a rí agolo márààrún kó, ṣùgbọ́n aṣọ funfun náà bá omi lọ.

Wọ́n gbé Ọ̀gá lọ dùbúlẹ̀ nílé tíṣà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, àyà rẹ̀ ń hó. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Omi ti wọ inú agolo," ó ní. "Jẹ́ kó gbẹ. Kó gbẹ kí n tó jí."

"Yóò gbẹ, sà."

Ó sùn. Kò sọ bí yóò ṣe gbẹ, èmi náà kò sì béèrè. Ọmọ sítáńdáàdì kẹta kì í béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ fún ara mi díẹ̀. Ìgbà òjò ni. Òòrùn kò yọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́dọ̀ wa, bí nǹkan bá tutù nígbà òjò, ibì kan ṣoṣo ni à ń gbé e lọ: orí àjà, lókè iná igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí omi, níbi tí èéfín ti ń lọ jẹ́jẹ́. Ẹja ń gbẹ níbẹ̀, edé ń gbẹ níbẹ̀, púpurú tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe ń gbẹ níbẹ̀. Ìwé kíkà mi bọ́ sómi nígbà kan, orí àjà ni ìyá mi sá a sí. Ó gbẹ, ó kàn ń rùn bí edé títí mo fi kúrò ní ilé ìwé ni. Ta ni yóò sọ fún mi pé ohun kan wà láyé tí omi lè rin, tí àjà kò lè tọ́jú?

Mo kó agolo márààrún lọ sílé ẹja Ìyá Ẹlẹ́ja. Ìyá ti wọ ọkọ̀ lọ pàdé àwọn apẹja lójú omi. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀ tó ń yí ẹja padà. Ká sọ tòótọ́, n ìbá ti gbé e lọ sórí àjà ìyá mi. Tiwọn ló wù mí.

"Kí lo kó wá?" ó ní.

"Sinimá ni. Ó fẹ́ gbẹ díẹ̀."

Ó ṣí agolo kan, ó fa ìdí fíìmù jáde. "Èyí? Ó jọ awọ ejò."

"Ẹ̀rọ ni yóò sọ ọ́ di èèyàn."

Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó di ojú kan. "Ọkùnrin kan nìyí, obìnrin kan nìyí. Ọkùnrin kan tún nìyí, obìnrin kan tún nìyí. Ṣé ìbejì ni gbogbo wọn ni?"

"Àwọn méjì náà ni. Wọ́n ń jó."

"Ó dì í mú níbàdí."

"Bí wọ́n ṣe ń jó níbẹ̀ nìyẹn."

"Kò sì sẹ́ni tó ń bá a jà?"

"Kò tíì sí."

Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló ràn mí lọ́wọ́, a ta fíìmù náà láti igun kan dé ìkejì lórí àjà, lókè àwọn ẹja, ó ń dán yinrin. Agolo mẹ́rin la tú. Ìkarùn-ún, ìdérí rẹ̀ le, mo fi ọbẹ sí i, mo fi eyín sí i, kò ṣí, mo sì fi ìbínú gbé e sórí afárá níta.

"Ṣé kò ní jóná?" ọmọbìnrin náà bi mí.

Mo rẹ́rìn-ín ẹni tó kàwé. "Ẹja jóná rí lórí àjà yìí? Nǹkan òyìnbó ni. Nǹkan òyìnbó kì í dédé jóná."

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín náà lọ́wọ́ nígbà tí ìdí fíìmù kan wọ́ sílẹ̀ kan ẹyín iná.

Mo ti rí iná rí. Èyí kì í ṣe iná. Iná máa ń bẹ̀rẹ̀ ni, èyí kò bẹ̀rẹ̀, ó kàn wà. Ó ní "fòò!" lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti dé igun kejì, funfun báláú, bí ẹni pé mànàmáná bọ́ sórí àjà tó sì jókòó. Ẹnu mi là, n kò lè pa á dé. Ọmọbìnrin náà ló gbá mi lẹ́wù mú, tó fà mí jáde, tó sì tì mí sómi kó tó bẹ́ tẹ̀ lé mi. Nígbà tí mo fi orí yọ, ilé ẹja kò sí mọ́. Òpó mẹ́fà ló dúró, wọ́n ń rú èéfín ofeefee. Ọpẹ́lọpẹ́ òjò tó ti rin òrùlé àwọn ilé yòókù, àti àwọn èèyàn tó ń fi igbá ìgbọ́nmi ọkọ̀ da omi, ìlú ìbá bá a lọ. Kò sẹ́ni tó kú. Irun ojú mi ló lọ, àti ẹja.

Ìyá Ẹlẹ́ja fi ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀. Gbogbo èèyàn ń retí igbe. Kò ké. Ó wo àwọn òpó, ó wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó rí i pé kò fara pa, ó wá yíjú sí mi.

"Kí lo gbé sórí ẹja mi?"

"Sinimá ni, ìyá. Omi ló wọ̀ ọ́."

Ó mi orí. "Ṣé ó ti wá gbẹ báyìí?"



Baálẹ̀ pe ìpàdé lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá jí, wọ́n gbé e wá, wọ́n sọ fún un. Ó jókòó lórí pákó. "Mélòó ló kù?" ó bi mí. Mo fi agolo kan ṣoṣo hàn án, èyí tí n kò rí ṣí. Ó fi ìka méjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ṣí pẹ̀ẹ́. Inú rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú.

Baálẹ̀ dájọ́. Ó ní èmi ni n óò tún ilé ẹja kọ́ láti òpó dé òrùlé, èmi ni n óò gé igi ẹ̀gbà fúnra mi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àlejò ti ń dé láti Ode Mahin àti Molutehin, ọkọ̀ ti kún èbúté, kò sì yẹ kí wọ́n padà lófo. "Èyí tó kù yẹn," ó ní, "ẹ fi hàn."

"Kò sí aṣọ funfun mọ́, Baba," Ọ̀gá wí.

Onígbòkun dìde láàárín èrò. "Mo ní ìgbòkun tuntun tí atẹ́gùn kò tíì fẹ́," ó ní. "Ẹ lò ó." Gbogbo ìlú yìn ín. Èmi náà yìn ín. Ojú ń tì mí láti má yìn ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a ta ìgbòkun náà láti ògiri dé ògiri nínú ilé ìwé, a fi ẹní di gbogbo fèrèsé, òkùnkùn bolẹ̀. Àwọn atukọ̀ Onígbòkun méjì ló ń yí ẹ̀rọ lẹ́yìn, nítorí pé Baálẹ̀ ní kí èmi dúró níwájú, kí n máa ṣàlàyé. Ọ̀gá kò dárúkọ ẹ̀fọn. Bí mo ṣe di ẹni tó wo fíìmù náà láti iwájú fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì dà bí ẹni pé n kò rí i rí. Àárín ìtàn ni agolo tó kù yẹn: ìsọ̀ aránbàtà. Ọmọ olówó náà ti wọ bàtà. Aránbàtà na ọwọ́ sí i.

Ó sì dúró.

Láti ẹ̀yìn aṣọ, ìdúró yẹn ni mo máa ń fi nu òógùn. N kò mọ̀ pé ó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà na ọwọ́, kò fa obìnrin náà, kò sọ nǹkan kan. Obìnrin náà ń wo ọwọ́ náà. Nínú òkùnkùn, ara àwọn èèyàn ò lélẹ̀ mọ́.

"Kí ló ń dúró dè? Kó fà á!"

"Bóyá ọwọ́ ń dùn ún."

"Ó ń tọrọ nǹkan ni. Ẹ fún un."

Màmá arúgbó kan ló sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó ń bi í léèrè ni."

"Ta ní ń bi obìnrin léèrè?" ohùn ọkùnrin kan dáhùn. Ẹ̀rín kò dé lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe rò.

Obìnrin inú àwòrán bá fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ti aránbàtà, orin gbéra, ọkùnrin náà fi apá gbà á níbàdí, ilé ìwé sì dàrú. Ìyàwó ilé kan fi gèlè bo ojú ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò ṣẹ́jú. Ọkùnrin kan dìde pé òun ò lè dúró wo ìranù, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá jókòó. Ẹnì kan ń ké pe Ayélála, òrìṣà wa tó ń fìyà jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀, pé ṣé kò rí wọn ni, ẹlòmíì dá a lóhùn pé Ayélála kì í wọkọ̀ òyìnbó. Àwọn méjì inú àwòrán kò gbọ́ ariwo wa. Wọ́n ń yípo lára ìgbòkun Onígbòkun, bàtà ń fò kúrò lórí pẹpẹ, ìgbòkun ń mì díẹ̀ nítorí èémí èrò, wọ́n sì ń bá a mì. N kò mọ ìgbà tí mo dẹ́kun àlàyé. Lójijì, fíìmù já sí òfìfo, ìgbòkun funfun nìkan ló kù.

Wọ́n ká ẹní kúrò lójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ojú ń ti kálukú láti wo ẹnì kejì. Baálẹ̀ fẹ̀yìn tì.

"Ògbufọ̀," ó ní, "obìnrin yẹn, ṣé ìyàwó ọkùnrin yẹn ni?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Níbi gbogbo tí a ti dé, mo máa ń sọ pé tọkọtaya ni wọ́n, kí ìlú lè rójú. Ṣùgbọ́n irun ojú mi ti jó, ẹja ti jó, ó dà bí ẹni pé irọ́ náà ti bá wọn jó.

"Rárá, Baba. Ẹlòmíì ni wọ́n fi í fún."

Ariwo sọ. Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Òun ńkọ́? Kí lòun wí?"

"Òun ò tíì wí nǹkan kan, Baba. Kò sẹ́ni tó bi í tẹ́lẹ̀."

"Èmi náà ò tíì wí nǹkan kan."

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja ló ti dìde dúró láàárín àwọn obìnrin, ó fi ọwọ́ méjèèjì há abẹ́ apá. Ìyá rẹ̀ fà á láṣọ.

"Jókòó! Ta ló bi ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, ìyá mi. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn."

Ọmọbìnrin kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nílùú wa, lójú Baálẹ̀, lójú àlejò, lójú ẹni tó ti gbé ọtí wá. Mo ń rò ó lọ́kàn pé: ó ti ṣẹlẹ̀, sinimá ti ṣiṣẹ́, yóò wo ọ̀dọ̀ mi báyìí. Mo tilẹ̀ tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe.

Onígbòkun dìde. Gbogbo wa rò pé ìgbòkun rẹ̀ ló fẹ́ lọ tú. Ó kọjá lára ìgbòkun. Ó rìn dé iwájú àwọn obìnrin, ó dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ọmọbìnrin náà, ó sì na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ atukọ̀ ni, okùn ti ha àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí ó fi dán.

"Òtítọ́ ni," ó ní. "N kò bi ọ́. Mo bi ọ́ báyìí."

Ó sì dúró.

Ẹ gbọ́, ìgbà méje ni mo wo fíìmù yẹn láti ẹ̀yìn, ìkẹjọ ni mo wò láti iwájú. Onígbòkun wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọbìnrin náà wo ọwọ́ yẹn. Ó pẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó fà á. Nígbẹ̀yìn ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́. N óò dáhùn." Onígbòkun kó ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́! Ó wá lọ tú ìgbòkun rẹ̀.

Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni Ọlọ́run fi jìn mí. Ọ̀nà kò jìn, afárá pákó méjì péré ló wà láàárín ilé wa àti tiwọn. Ẹ̀yin mọ ohun tí mo ṣe? Mo sáré lọ bá ìyá mi pé kó sáré sọ fún àbúrò rẹ̀, kó sáré sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n Ìyá Ẹlẹ́ja, pé mo ṣì wà níbẹ̀ o.

Ìyá mi ń sẹ́ edé. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìwọ," ó ní, "ṣé wọ́n gbé ẹnu rẹ náà sórí àjà ni?"

Mo ní n óò lọ fúnra mi láàárọ̀. Láàárọ̀, mo wẹ̀, mo fi epo pa irun tó kù, mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ fún ara mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí mo dé orí afárá, ọmọbìnrin náà ti wà ní èbúté, òun nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ onígbòkun. Ọkùnrin náà wà nínú ọkọ̀. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo kàn rí i tó tún na ọwọ́, mo sì rí ọmọbìnrin náà tó fi tirẹ̀ lé e. Kò sí orin. Wọn kò jó. Ọwọ́ lásán ni, lójú mọ́mọ́, lójú àwọn tó ń gbọ́n omi ọkọ̀ wọn, ó sì bá mi lójijì ju iná lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí omi fi fà, tí ẹrẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà mo mú àdá, mo wọ igbó ẹ̀gbà lọ gé òpó àkọ́kọ́.

Títí òjò fi dáwọ́ ni mo fi kọ́ ilé ẹja náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti yan ẹja ìgbéyàwó wọn. Ìyá Ẹlẹ́ja fún mi ní ẹja ńlá kan níbẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé mo mọ nǹkan í yan. Ọ̀gá Sinimá padà sí Èkó pẹ̀lú ẹ̀fọn rẹ̀. Wọn kò rán an wá mọ́, n kò sì bi í pé kí ló sọ fún ìjọba.

Mo ti darúgbó báyìí. Mo ti rí sinimá tó pọ̀ láti ìgbà náà, ní Òkìtìpupa, ní Èkó, nínú àpótí tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wò ní pálọ̀. Ijó inú wọn dára ju ti aránbàtà lọ. Síbẹ̀, bí àwọn arúgbó ìlú wa tó kù bá jókòó, tiwa yẹn náà ni wọ́n ṣì ń sọ. Wọ́n ń jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ dúdú àti funfun ni fíìmù yẹn. Wọ́n ń sọ bí ọkùnrin ṣe gbé e yípo. Tèmi yàtọ̀. Ibi tí n kò lè gbàgbé ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti jó. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí níbẹ̀ lónìí, nítorí pé ẹni tó na ọwọ́ tí kò fa ẹnikẹ́ni, ó ti gbà pé wọ́n lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo rí obìnrin mìíì tó wù mí. N kò rán ẹnikẹ́ni. Mo lọ fúnra mi lọ́sàn-án gangan, n kò lè sọ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ tí mo tò kalẹ̀, mo kàn na ọwọ́. Ó wò ó, ó wò mí, ó gbé agbọ̀n ẹja orí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Gbé e délé fún mi ná, ká sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà." A ṣì wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ náà.